Báwo ni ẹ ṣe ń to iyùn sínú táǹkì omi oníyọ̀ tí ojú á fi gbà á?

AdéSalford kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Mo ní táǹkì omi oníyọ̀ kan nílé mi ní Salford. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, ìbú 50, gíga 50, ìyẹn lítà 300 kí n tó kó òkúta sí i. Omi rẹ̀ dára, mo ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iyọ̀ gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, ooru digíríì 25. Ẹja ò kú, iyùn ń dàgbà. Àmọ́ kò wuyì.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, orúkọ iyùn ni gbogbo wọn: hammer méjì, torch kan, zoa oríṣiríṣi àwọ̀, mushroom pupa, Montipora tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, Acropora kékeré méjì, GSP (green star polyps, tó rí bíi koríko), àti Galaxea kan tí ọkùnrin kan tó ń kó kúrò ní ìlú fi ta mí lọ́rẹ. Mo to òkúta ti gíláàsì ẹ̀yìn láti ìkángun kan dé èkejì, mo sì ń lẹ iyùn mọ́ ibi tí àyè bá ti yọ. Ìyàwó mi jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ó wò ó títí, ó ní, "Kí ni gbogbo jágbajàgba yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀ sí i.

Mo ti wo fọ́tò táǹkì àwọn ará Japan àti àwọn ará Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òkúta wọn ò tó nǹkan, síbẹ̀ èèyàn ò ní fẹ́ gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń tò ó? Mi ò fẹ́ ọkọ̀ ojú omi oníke tàbí agbárí oníke o. Iyùn ni mo fẹ́ kí àlejò rí.


Ẹlẹ́jaÌbàfò kọ:

Lítà 300, kò sì sí ẹyọ kan tí ẹ lè sè níbẹ̀? Ẹ kó ọmọ àrọ̀ sí i, kí owó máa wọlé. Mo kàn ń kọjá lọ ni o.


BíríkìlàDeptford kọ:

Ìyàwó yín sọ òótọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ti ra ilẹ̀kùn àti fèrèsé tán kí ẹ tó ya àwòrán ilé.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun náà ni mo ṣe ní London títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ojú yẹn náà ni mo fi ń wo táǹkì. Ẹ fi iyùn sílẹ̀ ná, òkúta ló wà nílẹ̀ tí a máa sọ.

Òkúta tó ti gíláàsì ẹ̀yìn yẹn ni kò dáa. Omi ò ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí á máa kó jọ síbẹ̀. Ojú náà ò ríbi wọlé. Gbogbo iyùn yín wá dúró lórí ìlà kan ṣoṣo, kò sí èyí tó wà níwájú, kò sí èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ pín òkúta náà sí erékùṣù méjì, kí wọ́n má sì dọ́gba: kí ńlá gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí kékeré gba ìyókù. Iyanrìn á wà láàárín wọn. Kí ọ̀nà iyanrìn yẹn má lọ tààrà o, ẹ jẹ́ kó dagun, kó fẹ̀ níwájú, kó máa fún bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá jókòó síwájú táǹkì á rò pé ó jìn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Kí òkúta jìnnà sí gbogbo gíláàsì ní 8 sí 10, kí mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń nu gíláàsì lè ráyè kọjá. Kó má sì ga ju 30 lọ. Àwọn tó ń tò ó dé òkè omi máa ń gbàgbé pé iyùn ń dàgbà ni. Acropora tí ẹ rí bí ọmọ ìka lónìí, ẹ jẹ́ kó pé ọdún mẹ́ta.

Ẹ máa rí i pé òkúta á ṣẹ́ kù. Ẹ má kó o dà nù, bakitéríà tó ń fọ omi yín wà lára rẹ̀. Ẹ kó o sínú sump, ìyẹn táǹkì kejì tó wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá.

Tó bá di ọ̀rọ̀ òpó àti pẹpẹ, ẹ ra òkúta gbígbẹ díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Florida. Òkìtì iyùn ayé àtijọ́ ni òun náà. Òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni mo fi ń là á. Ẹ má ṣojo, ẹ là á! Ojú ibi tó bá ti là máa ń rí gbágungbàgun, iyùn á sì rí nǹkan dì mú. Èyí tó gùn lára rẹ̀ á di òpó, èyí tó tẹ́ á di pẹpẹ tó yọ síta lára òpó. Mo máa ń fi dírílì ògiri lu ihò sí méjèèjì, màá wá ki ọ̀pá acrylic bọ àárín wọn. Ẹ má fi irin ṣe é, iyọ̀ á jẹ ẹ́. Bàbà ni kò tiẹ̀ gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀, ó ń pa iyùn, ó ń pa edé. Mo tú súpágúlúù sí oríkèé, mo bu ìyẹ̀fun òkúta yẹn kan náà lé e, ó gan lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wá fi símẹ́ńtì tí wọ́n ṣe fún táǹkì rẹ́ ojú rẹ̀. Símẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé náà ṣeé lò, àmọ́ ẹfun inú rẹ̀ máa ń jò sínú omi, pH á fò sókè. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kó máa pààrọ̀ omi náà, kó wọ̀n ọ́n kó tó gbé e wọlé.

Ìdí òpó, orí gíláàsì ìsàlẹ̀ ni kó jókòó sí, iyanrìn á wá yí i ká. Tí ẹ bá gbé e ka orí iyanrìn, ẹja goby àti edé tó ń gbẹ́lẹ̀ á gbẹ́ ìdí rẹ̀ lóru, ẹ ó kàn gbọ́ "gbì!" ni. Ẹ má sì tú gbogbo táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bu omi táǹkì sínú bàsíà ńlá, ẹ fi ẹ̀rọ amómigbóná àti páǹpù kékeré sí i, kí iyùn máa gbé ibẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe apá kan, ẹ jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

Ó wá ku iyùn. Ohun tí mo rí tó ń ba táǹkì jẹ́ jù ni kí èèyàn máa ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ mú ẹ̀yà kan, kí ẹ jẹ́ kó pọ̀. Hammer méjèèjì yẹn, ẹ kó wọn sí orí erékùṣù ńlá, níbi tí omi ti ń rọra tì wọ́n, kí ẹ wá ra frogspawn kan, ìbátan wọn, tì wọ́n. Wọn kì í sábà bá ara wọn jà. Bí wọ́n bá bí sí i, gbogbo ejìká òkúta yẹn á máa mì lẹ́gbẹlẹ́gbẹ́, kò sí ohun mìíràn tí ẹ máa fi síbẹ̀ mọ́. Torch ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó máa ń ta aládùúgbò. Ẹ fún un ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Galaxea tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, mo mọ ìdí tí wọ́n fi fi ta yín lọ́rẹ. Lóru ó máa ń na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè gùn ju 20 lọ, ohun tó bá kàn á sì jóná. Ẹ gbé e sí ìkángun níbi tí omi ń ṣàn lọ, kó má ṣe jẹ́ pé òun ló wà ní òkè odò. Tàbí kí ẹ̀yin náà fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Montipora, ẹ má gbé e sókè orí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ràn. Bó bá ti tẹ́ tán, òjìji rẹ̀ á pa ohun tó wà lábẹ́. Iná náà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ yá mítà PAR, èyí tó ń wọ̀n iná tí iyùn lè lò, lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Mushroom àti zoa, 50 sí 100 tó wọn. Hammer, bíi 80 sí 150. Acropora fẹ́ 200 sókè. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ibi tí kálukú máa gbé, ojú yín á wá ṣètò láàárín ibi tí nọ́ńbà bá gbà yín láyè.

GSP, àyàfi kó ní òkúta tirẹ̀ tó dá wà láàárín iyanrìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bo gbogbo ilé. Tàbí kí ẹ ṣe ohun tí mo ṣe sí táǹkì kékeré tó wà ní kíṣìnì mi: mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi gúlúù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì bo gbogbo ẹ̀yìn táǹkì náà bámúbámú. Nígbà tí omi bá ń fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá láti Ìbàdàn bi mí pé ṣé mo ń bomi rin koríko yẹn ni. Abẹ ni mo fi ń gé etí rẹ̀ kó má baà yí wá síwájú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú táǹkì ńlá mi ni abẹ́ pẹpẹ. Gbogbo ayé ló ń du òkè nítorí iná, abẹ́ òkúta wá ṣófo. Iyùn kan tó ń jẹ́ Tubastraea kò wá iná rárá, kò ní ewédò nínú ara bíi ti àwọn yòókù, ohun tó bá jẹ ló fi ń gbé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pẹpẹ ní ìdoríkodò. Lọ́sàn-án ó ká mọ́ra, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tí mo bá ta omi edé mysis sí i lálẹ́, ẹnu rẹ̀ á ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọsàn rẹ̀ á tàn dé orí iyanrìn. Iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀ o. Ẹ ó máa bọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, nígbà mélòó kan lọ́sẹ̀, ebi ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn kú. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, mushroom náà ń gbé abẹ́ òjìji.

Iyanrìn, ẹ fi sílẹ̀ ní òfìfo. Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ẹ ra iyùn Trachyphyllia pupa kan ṣoṣo, ẹ gbé e síbẹ̀. Orí iyanrìn ni ibùgbé rẹ̀, orí òkúta máa ń gé ẹran ara rẹ̀.

Ẹ dín iná búlúù kù pẹ̀lú. Mi ò mọ ìdí tí èèyàn á fi ra iyùn aláwọ̀ méje tán, tí á wá fi iná sọ gbogbo wọn di búlúù.


OlóògùnBaltimore kọ:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà. Nídìí iná búlúù nìkan ni màá ti bá yín ṣàríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣe kókó jù ú lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́.

AdéSalford, ẹ ní zoa. Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ fi òòlù là òkúta. Bí zoa tàbí Palythoa, ìbátan rẹ̀, bá wà lára òkúta kan, ẹ má là á, ẹ má fi dírílì lu ú, ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má sì sè é láéláé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní májèlé tí à ń pè ní palytoxin. Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1971, láti ara irú kan tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àwọn àgbà wọn máa ń fi ra ẹnu ọ̀kọ̀. Kò sí oògùn tó ń pa á. Àwọn ìdílé kan ti dèrò ilé ìwòsàn nítorí pé ẹnì kan nínú ilé se òkúta táǹkì láti fọ̀ ọ́, gbogbo wọn sì fa ooru rẹ̀ símú. Ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú pátápátá ni kí ẹ lò bí ẹ bá ń kó wọn. Tó bá pọn dandan kí ẹ gé wọn, ìta gbangba ni, kí ọmọdé àti ajá má sí níbẹ̀, kí ẹ má sì lo ọ̀bẹ ilé ìdáná. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ má torí èyí kó wọn dà nù. Mo ní zoa tó kún òkúta pẹlẹbẹ kan, mi ò kàn ń fọwọ́ lásán kàn wọ́n ni.

Ó kan iná wàyí. Púpọ̀ nínú iyùn ní purotéènì tó ń gba iná búlúù tó sì ń dá a padà ní àwọ̀ ewé tàbí ní pupa. Shimomura, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára ẹran omi jellyfish ní 1962, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2008. Èyí tó ń tàn ní pupa, tí wọ́n kéde ní 1999, ara Discosoma ni wọ́n ti rí i, ìyẹn mushroom bíi ti AdéSalford yẹn. Títí dòní a ṣì ń fi í sàmì sí sẹ́ẹ̀lì ní yàrá ìwádìí, kí a lè rí ibi tó ń rìn lọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá fẹ́ kí n fi iná funfun bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni?

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé iná funfun pọ̀ ní ọ̀sán, àwọ̀ ẹja á hàn, ti iyùn náà á hàn. Bó bá di aago méje alẹ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, funfun á kú, búlúù nìkan á kù. Nítorí náà, lálẹ́ ni mo máa ń yan ibi tí iyùn máa wà. Mo kó mushroom pupa sí ìsàlẹ̀ lápá ibi tó ṣókùnkùn, mo fi hammer aláwọ̀ ewé sí òkè rẹ̀ díẹ̀, kí àwọ̀ méjèèjì máa gbé ara wọn yọ. Ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kì í fa ojú mọ́ra. Ẹ̀yìn táǹkì mi dúdú, mo fi ọ̀dà kùn ún níta, gbogbo àwọ̀ ló sì hàn ketekete lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yà á ní fọ́tò, ẹ fi gíláàsì àwọ̀ ọsàn bo ojú kámẹ́rà fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ búlúù nìkan ló máa jáde.


BíríkìlàDeptford kọ:

Ọ̀rọ̀ zoa yẹn, ẹ ṣeun gan-an, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Òkúta gbígbẹ tí kò tíì fojú kan omi ni mo ní kí wọ́n là.

Lórí búlúù, mo gbà fún yín láti aago méje alẹ́. Ọ̀sán, tèmi ni.


Ṣadé_Sùúrùlérè kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Láti Lagos ni èmi ti ń kọ̀wé, ọ̀nà tí mo gbà sì yàtọ̀ sí ti gbogbo yín, nítorí òkè ni èèyàn ti ń wo tèmi. Táǹkì mi jẹ́ 90 ní gígùn, 60 ní ìbú, 30 péré ni gíga rẹ̀. Mo gbé e ka orí tábìlì rírẹlẹ̀ láàárín pálọ̀, àlejò á jókòó yí i ká. Òkè níbi iná ni ọ̀pọ̀ iyùn ń kọjú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó láti iwájú, ìdí rẹ̀ lẹ ń rí! Acan, mushroom, Trachyphyllia, ẹ wò wọ́n láti òkè kí ẹ rí ìran. Mo máa ń pa páǹpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú omi lè dákẹ́, mo sì ti ta àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sókè nítorí ẹja máa ń fò jáde.

Ooru ni ìyọnu tiwa. Fáànù méjì ló ń fẹ́ ojú omi tọ̀sán-tòru, ìyẹn ń mú un tutù ní ìwọ̀n digíríì mélòó kan, ṣùgbọ́n omi ń fà gan-an. Omi tí kò níyọ̀, tó ti ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ omi jáde, ni mo fi ń dí i, torí omi ló ń lọ, iyọ̀ ò lọ. Ní ti iná mànàmáná, ínfátà ń gbé páǹpù nìkan. Iyùn lè wà láìsí iná fún ọjọ́ kan kó má ṣe é ní nǹkan kan, omi tí kò mì ló ń tètè pa wọ́n. Iyùn rírọ̀ àti LPS (iyùn líle ẹlẹ́nu ńlá, bíi hammer) ni mo ń sìn. Mi ò bá Acropora wá wàhálà nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni àpáàdì. Ẹ rántí ilẹ̀ alápàáàdì Ilé-Ifẹ̀, èyí tí wọ́n to àpáàdì ní ìnàró sínú ilẹ̀, tí etí rẹ̀ nìkan yọ síta, tí ìlà kan dagun sí ọ̀tún tí èkejì dagun sí òsì. Mo ṣe irú rẹ̀ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ìkòkò amọ̀ láti Ìlọrin tó ti fọ́ ni mo lò, èyí tí kò ní ọ̀dà tàbí ohunkóhun tó ń dán lára. Mo rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo ń wọ̀n phosphate (oúnjẹ ewédò) inú omi náà títí ó fi já gaara, mo wá tò wọ́n sórí pálí acrylic, mo fi gúlúù mú wọn. Àárín ìlà àti ìlà ni mo gbin zoa sí, àwọ̀ kan fún ìlà kan. Ní báyìí wọ́n ti fẹ́ bo àpáàdì náà tán, ṣùgbọ́n ìlà yẹn ṣì hàn. Tẹ́ẹ bá ti òkè wò ó, ẹ̀ẹ́ rí i kedere.


AdéSalford kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ti Ṣadé sí etí ìyàwó mi, ó ní kí n ṣe alápàáàdì yẹn ká tó ṣe ohunkóhun. Erékùṣù kékeré ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, màá sì gbé Galaxea sí ìkángun tó bá ìṣàn omi lọ. Ìbéèrè méjì péré ló kù: ní Salford níbí, níbo ni mo ti máa rí ìkòkò amọ̀ lásán? Súpágúlúù wo sì ni?


BíríkìlàDeptford kọ:

Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta òdòdó ni kí ẹ lọ, ìkòkò amọ̀ pupa lásán tí wọ́n ń gbin òdòdó sí. Ẹ ra èyí tuntun, ẹ má lo èyí tó ti gba ajílẹ̀ rí, phosphate rẹ̀ kò ní tán lára rẹ̀. Ẹ fi fáìlì yọ́ etí tó mú kó má baà gé ẹja.

Gúlúù, èyí tó ki ni kí ẹ rà, èyí tó ń ṣàn bí omi ò wúlò nínú táǹkì. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ cyanoacrylate wà níbẹ̀. Ẹ ra túùbù kéékèèké púpọ̀ dípò ńlá kan, torí èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹnu rẹ̀ á gan kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ nu ìdí iyùn gbẹ, ẹ pa páǹpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì mú, kí ẹ sì fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tan páǹpù padà.